Mo gbé ìgúnpá mi lọ sọ́dọ̀ chiropractor méjì

Chiropractor ni àwọn tó ń fọwọ́ tẹ eegun àti oríkèé láti fi wo ara ríro. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn ní sítáà, kó má di pé ẹ̀ ń kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́, sítáà kan péré, ìyẹn náà torí pé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ rọ̀. Ẹni kejì, mẹ́rin nínú márùn-ún, tí mo bá dé ibi tí ẹyọ kan yòókù já sí màá sọ fún yín.

Ọ̀kọ̀ ni mo máa ń jù, javelin, ọdún kẹsàn-án rèé. Tàwa ọkùnrin jẹ́ 800 gíráàmù, tàwọn obìnrin 600, kò tó kílò kan, tẹ́ ẹ bá gbé e dání ẹ máa ní kí ló wà nínú eléyìí tó lè ba èèyàn lápá jẹ́. Bọ́ọ̀lù baseball gan-an ò ju nǹkan bíi 145 gíráàmù lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń jù ú ló ń kún ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ìgúnpá. Eré tápá ń sá ni wàhálà. Nígbà tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù bá ju baseball, èjìká ẹ̀ ń yí pẹ̀lú eré tó tó 7,000 dígírì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgúnpá ló wà láàárín, òun ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, apá òkè ti gba iwájú, apá ìsàlẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, inú ìgúnpá lápá ibi tó kọjú sí ìhà á wá máa là bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ fipá ṣí sódì. Okùn kékeré kan ló di eegun mọ́ eegun níbẹ̀, UCL ni wọ́n ń pè é, òun nìkan ò lè gba agbára yẹn dúró, àwọn iṣan apá ìsàlẹ̀ tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ wá síwájú ló ń bá a gbé e. Tó bá ti rẹ àwọn iṣan yẹn, okùn nìkan ló kù tó ń jìyà.

Mi ò mọ gbogbo èyí nígbà yẹn o. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé eegun kékeré tó yọ gọngọ nínú ìgúnpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn tá a bá ṣe tán ni, á ro díẹ̀, màá gbé yìnyín lé e, ó tán. Nígbà tó yá ó ń bá mi jí láàárọ̀. Nígbà tó tún yá, ọwọ́ òsì ni mo fi ń yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfìgbà tí àbúrò mi ní "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo lẹ di ọlọ́wọ́ òsì?" Kóòṣì ní kí n sinmi ọjọ́ méjì. Mo sinmi ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta mo jù ú bí ẹni tó ń san gbèsè. Oògùn ara ríro ni mò ń gbé mì kí n tó wọ pápá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ìrora yẹn ló yẹ kó sọ fún mi pé kí n dúró, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ju díísì ló dá chiropractor lábàá. Ẹ̀yìn ló dùn ún, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ara ẹ̀ sì yá. Mo ní tó bá ṣe ẹ̀yìn, á ṣe ìgúnpá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà, torí ẹ̀yìn ríro ni ìwádìí lórí títẹ eegun pọ̀ sí jù, wọ́n rí i pé ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ níwọ̀nba, ti ìgúnpá ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ gan-an, orí ìta ìgúnpá, èyí tí wọ́n ń pè ní tennis elbow, ló pọ̀ sí. Tàwa tá à ń ju nǹkan, inú ló ti ń dùn wá.

Ẹni àkọ́kọ́ yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ má bi mí. Ọ́fíìsì ẹ̀ mọ́ tónítóní, àwòrán eegun ẹ̀yìn kún ara ògiri, orin jẹ́jẹ́ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Ó fọwọ́ tọ ọrùn mi lọ sókè sódò, ó ṣe hùn-ún, ó ní eegun ọrùn kan ti yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, òun ló ń tẹ nọ́ọ̀fù tó ń lọ sápá, ìdí nìyẹn tí ìgúnpá fi ń ro mí. Mo ní ọ̀kọ̀ ni mò ń jù o, sà. Ó ní òun ti gbọ́. Kí n tó tún la ẹnu ó ti di orí mi mú, ó ní kí n tú ara sílẹ̀, kàù! lápá ọ̀tún, kàù! lápá òsì.

Ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Ara mi fúyẹ́, mo dìde, mo ju ọwọ́ síwájú sẹ́yìn, mo ní ó mà ti ń lọ o. Ariwo yẹn ló ń tan èèyàn. Lọ́dún 2015 àwọn kan fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ìka ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á tó fi ró, ohun tí wọ́n rí ni pé àyè kan ló ń ṣí sílẹ̀ lójijì nínú omi tó wà nínú oríkèé, afẹ́fẹ́ á dí i, ìgbà yẹn ló ń ró. Tẹ́ ẹ bá fa ìka yín tó ró kẹ̀ẹ̀, ìka yẹn ò kúrò níbì kankan tẹ́lẹ̀, kò sì padà síbì kankan. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ kàù! lọ́rùn ara ẹ̀ á gbà pé nǹkan ti wọlé.

Bó ṣe tẹ̀ mí tán ló gbé ìwé kan síwájú mi, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 24, kí n san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ò tíì fọwọ́ kan ìgúnpá mi ti mọ iye ìgbà tó máa fi wò ó. Orí ló yọ mí, mo ní kí n máa san bí mo bá ṣe ń wá, inú ẹ̀ ò dùn sí i àmọ́ ó gbà. Ìgbà mẹ́fà ni mo lọ. Mo wo aago lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú méje ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn, ẹ̀yìn, ó pẹ́ẹ́, ó dàbọ̀. Ìgbà kẹrin ló tó kan ìgúnpá, ó na apá mi tán, ó já a gbì lójijì, mo ké. Ó ní ó dáa, ó ti wọlé. Kí ló wọlé, jọ̀ọ́? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e ń ta mí ṣín-ín-ṣín-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yìn eegun tó yọ gọngọ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀fù tó ń lọ sí ìka méjèèjì yẹn gbà kọjá, òun lèèyàn máa ń fi gbá etí tábìlì tí gbogbo ọwọ́ á fi jó. Ibẹ̀ ló wá ń já gbì.

Ti ọrùn yẹn gan-an, mo padà bínú sí i ju ti ìgúnpá lọ. Yíyí ọrùn lójijì bẹ́ẹ̀ lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló lè já sí. Kò bi mí bóyá mo gbà, kò sọ fún mi pé ewu kankan wà níbẹ̀, ìgúnpá ni mo sì gbé wá.

Ọdún 1895 ni bàbá kan tó ń jẹ́ D.D. Palmer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ohun tó gbà gbọ́ ni pé eegun tó yẹ̀ lẹ́yìn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí, àwọn kan ti bá ìwádìí rìn, wọ́n dà bíi físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara) tó tún mọ eegun tẹ̀, àwọn kan ṣì wà ní 1895. Orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn méjèèjì, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo fi nǹkan bí oṣù méjì bínú. Físíò kan tó ń bá ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́ ló wá júwe ẹni kejì yìí fún mi, ó ní ó ti tọ́jú àwọn tó ń ju nǹkan, baseball, cricket, handball, àwa ọlọ́kọ̀ náà. Obìnrin àgbà ni, ó lè bí mi. Ọ́fíìsì ẹ̀ ò rí bíi ti ẹni àkọ́kọ́ rárá, àga tí mo jókòó lé ń mì, ìṣẹ́jú 40 ni mo sì fi dúró kọjá àkókò tó fún mi, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó mú bírò, kò fọwọ́ kàn mí fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ibo ló ń dùn ẹ́, fi ìka kan ṣoṣo hàn mí, má fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo fi hàn án. Ó ní ìgbà wo ló ń dùn jù tó o bá ń jù, ìgbà tápá ṣì wà lẹ́yìn ni àbí ìgbà tí ọ̀kọ̀ bá ń kúrò lọ́wọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìyẹn rí. Mo dijú, mo ju ọ̀kọ̀ kan nínú orí mi, mo ní ìgbà tápá ṣì wà lẹ́yìn ni, mà, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fà á bọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká ní ìgbà tó o na apá tán ni, tó wá ń dùn ní ṣóńṣó ẹ̀yìn ìgúnpá, ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí à bá máa wá, eegun ló ń gbá eegun níbẹ̀ yẹn.

Ó wá ní kí n gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n ká ìgúnpá bí ẹni fẹ́ jù ú. Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó fà á sẹ́yìn, bó ṣe ń fà á ló ń na apá náà, ó ń ká a, kíákíá, láìdẹ ọwọ́. Níbi tápá ti ká tán, kò sí nǹkan kan. Ó dé bí ìdajì, mo ké yèè. Ó kọjá ibẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó ń ká a padà, ó tún débẹ̀, mo tún ké. Ó ní àwọn tí okùn yẹn ń yọ lẹ́nu, láàárín 70 sí 120 dígírì ni wọ́n ti máa ń pariwo, bó bá kéré sí i tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tẹ ọrùn ọwọ́ wá síwájú kóun máa dá a dúró, ìyẹn náà dùn. Ó fi ìka lu ẹ̀yìn eegun yẹn jẹ́jẹ́ bóyá ọmọńdinrín á jó, kò jó, ó ní ọpẹ́ ni.

Kò tíì tán o. Ó ní kí n jókòó, kí n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí n yí ẹ̀yìn sọ́tùn-ún, sósì. Ọ̀tún ò lọ tó òsì rárá. Ìbàdí òsì mi, ẹsẹ̀ tí mo fi ń dúró gbọn-in kí n tó jù, le bí pákó. Ó ní ohun tí ẹ̀yìn àti ìbàdí bá kọ̀ tí wọn ò ṣe, ìgúnpá ló ń lọ san án. Ó ní ṣé fídíò wà nínú fóònù ẹ? Ta ni ò ní fídíò? Ó wò ó, ó dá a dúró, ó sún un sẹ́yìn, ó tún dá a dúró, ó wá dojú fóònù kọ mí. Ìgúnpá mi wà nísàlẹ̀ èjìká, apá ń yí gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń ju òkúta sódò, dípò kó gba òkè orí bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, kóòṣì mẹ́ta, mi ò rí i rí bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní èyí tó jẹ́ pé, lójú tèmi, òun gan-an ló wò mí sàn. Ó ní, "Ìgbà mélòó lò ń jù lọ́jọ́ kan?"

Mo ní bíi 40, mà.

Ó ní, "Ṣé o kà á ni àbí o rò ó?"

Mo ní mo rò ó.

Ó ní kí n lọ gba gbogbo fídíò ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó máa ń ya wá ní pápá, kí n jókòó, kí n kà á. Mo jókòó sílé pẹ̀lú bírò àti ẹ̀yìn ìwé kan, mò ń fa igi márùn-ún márùn-ún. Ọ̀kọ̀ nìkan, 58. Bọ́ọ̀lù tó wúwo tá a máa ń jù mọ́ ògiri láti fi mú ara gbóná, èyí tí mi ò kà kún nǹkan láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, 64. Àpapọ̀ ẹ̀ 122, lọ́jọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ la sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Ìgúnpá ò mọ̀ pé a kàn ń gbóná ni.

Kò tẹ nǹkan kan níbi ìgúnpá lọ́jọ́ yẹn. Ó kọ lẹ́tà fún mi sí dókítà àwọn eléré ìdárayá, ó ní kí wọ́n ya MRI, ó ní títí òun á fi mọ̀ pé okùn yẹn ò já, òun ò ní fi ọwọ́ líle kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ já a gbì láì wo nǹkan kan. MRI jáde: okùn wú, kò já, ibi tí iṣan ti lẹ̀ mọ́ eegun ló ń ṣá.

Ká ní ó já ni, kò sí chiropractor tó lè fọwọ́ so ó, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe é, ẹ dìde. Iṣẹ́ abẹ ló kù fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ máa jù bíi tẹ́lẹ̀. Dókítà Frank Jobe ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1974 fún Tommy John tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ baseball Los Angeles Dodgers, wọ́n yọ iṣan lápá ọ̀tún ẹ̀, wọ́n fi ṣe okùn sí ìgúnpá òsì tó fi ń jù. Odindi 1975 ni ò fi ṣeré, ó padà ní 1976, ó sì ń jù títí di 1989, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà títí dòní. Nínú àwa ọlọ́kọ̀ náà, Neeraj Chopra ará Íńdíà ṣe iṣẹ́ abẹ ìgúnpá ní 2019, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021 pẹ̀lú mítà 87.58. Nítorí náà èèyàn lè ṣe é kó sì padà. Àmọ́ ti okùn yẹn, ó máa ń tó ọdún kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kí wọ́n la òun lápá tí ò bá pọn dandan.

Ìgbà 11 ni mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ lápapọ̀, ìgbà méjì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìdajì wákàtí. Á fi àtàǹpàkò tẹ iṣan apá ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní kí n máa tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, ó ń dùn ó sì ń tura, ẹ mọ irú ìyẹn. Á tẹ àárín ẹ̀yìn mi, ibẹ̀ ń ró kàù kàù dáadáa, á na ìbàdí yẹn. Ìgúnpá fúnra ẹ̀, ṣe ló kàn ń rọra sún un bí ìgbà téèyàn ń tún ìdérí ìkòkò ṣe, kò já a rí. Mo ní ọrùn ńkọ́ mà, ó ní ọrùn ẹ kí ló ṣe?

Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì nìyí, mo kọ ọ́ sínú fóònù kí n má gbàgbé: "Ọwọ́ mi lè fún ẹ ní ọjọ́ méjì tí ò ní dùn ẹ́. Ohun tó o bá fi ọjọ́ méjì yẹn ṣe ló máa wò ẹ́." Lóòótọ́, ọjọ́ méjì náà ni, nígbà míì kì í tó. Ohun tó ní kí n fi ṣe ni eré ìdárayá tó sú èèyàn jù láyé. Gbé apá lé itan, mú irin kílò méjì, ọwọ́ òsì ni kó bá ẹ gbé e sókè, ọwọ́ ọ̀tún ni kó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kó tó délẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹta. Di òòlù mú nídìí, kí orí ẹ̀ dojú kọ òkè, jẹ́ kó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, gbé e padà. Rọ́bà fún èjìká, rọ́bà fún ẹ̀yìn. Ojoojúmọ́. Ó ní tí ìrora bá wà ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá kí n máa lọ, tó bá ti di márùn-ún kí n dín irin kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan, bọ́ọ̀lù gbígbóná náà wà níbẹ̀. Kóòṣì gbójú, ó ní obìnrin yẹn fẹ́ ba sáà wa jẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, sáà yẹn ti bàjẹ́ látìgbà tí mo ti ń fi òsì ṣílẹ̀kùn.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún tí mi ò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin kan wà níbi tá a ti ń dúró, ọmọ bí ọdún 12, ó ń ju baseball, bàbá ẹ̀ ló mú un wá, ìdíje ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n fẹ́ kí màmá chiropractor mi yìí "tẹ̀ ẹ́ padà." Màmá ò tiẹ̀ mú wọn wọ inú yàrá, ìdúró tó dúró yẹn ló ti fi ìka kan tẹ inú ìgúnpá ọmọ náà, ojú ọmọ yẹn yí padà, ó ní ẹ lọ ya X-ray lónìí, kò ju nǹkan kan ní Sátidé. Bàbá ń ṣàlàyé. Màmá ní ọ̀gá, eegun ọmọ yìí ò tíì gan, ibi tó ti ń dàgbà ló wà níbẹ̀ yẹn, tí tàgbà bá ń já okùn, tọmọdé eegun ló ń fà kúrò lára eegun. Ó ní mélòó ló jù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Ó ní àwọn tó ń darí baseball ní Amẹ́ríkà, Major League Baseball àti USA Baseball, fúnra wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, Pitch Smart ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún 11 sí 12 ò gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 85 lọ lọ́jọ́ kan, tó bá sì ti tó 66, ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi sinmi, kó sì ní oṣù mẹ́rin lọ́dún tí ò ní ju rárá. Bàbá náà gba ìwé X-ray, kò dúpẹ́. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, bí mo ṣe ń wo ọmọ yẹn ni mò ń rántí ẹ̀yìn ìwé tí mo fa igi sí.

Ẹyọ sítáà tó kù wá ńkọ́? Ìdúró, àkọ́kọ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mo wọlé ní àkókò tó dá. Ìwé eré ìdárayá tó fún mi, ó ti ṣe fotokópì ẹ̀ débi pé ẹni tó wà nínú àwòrán ti di òjìji, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbé irin ni àbí ó ń jó, fídíò tí mo fi fóònù ya òun fúnra ẹ̀ ni mo lò. Èyí tó tóbi jù ni irin pẹlẹbẹ kan tó fi ń ha apá mi láti ìgbà kẹta, ó ní ó ń tú àwọn iṣan tó ti lẹ̀ pọ̀. Apá mi pọ́n, ó di dúdú, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ, mi ò sì rí ohun tó fi sàn ju àtàǹpàkò ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Téèpù aláwọ̀ búlúù tó ń lẹ̀ mọ́ mi náà, ó kàn ń rán mi létí pé mo ní ìgúnpá, bóyá ìyẹn náà wúlò.

Ẹnì kan máa bi mí pé ṣé físíò ò lè ṣe gbogbo èyí. Ó lè ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mi ò lè dá a yà sọ́tọ̀ pé èyí ni ọwọ́ ṣe, èyí ni ìsinmi ṣe, èyí ni irin kílò méjì ṣe, gbogbo ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, màá ní dídín jíjù kù ló ṣáájú, irin ló tẹ̀ lé e, ọwọ́ màmá ló jẹ́ kí n lè fara da irin. Ẹnì kan ní kí n gba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú kí ara wíwú àti ìrora rọlẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi dán an wò lórí tennis elbow, ara tètè tù wọ́n lóòótọ́, nígbà tó fi máa tó ọdún kan àwọn tí ò gbà á ti sàn jù wọ́n lọ. Mo ní rárá o ṣé.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ, ohun tí màá wò kò pọ̀. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọn ò tíì bi yín pé mélòó lẹ̀ ń jù, tí ìwé ìgbà 24 sì ti jáde, ẹ wá bàtà yín. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó já tọ́ọ̀ nígbà tẹ́ ẹ jù ú, tọ́wọ́ wá rọ, tàbí tí ìgúnpá ń há tí kò nà mọ́, tàbí tí ọmọńdinrín ti kú, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má gba ọ̀dọ̀ chiropractor kankan, ì báà jẹ́ tèmi yìí.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dákẹ́, ọ̀kan lórí mẹ́fà tó wí, torí ọ̀sẹ̀ kẹfà mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, mítà 15, ogún péré, tí mo bá jù lónìí, màá sinmi lọ́la. Oṣù kẹrin rèé báyìí, mo ti padà sí ọ̀kọ̀, ìgúnpá ti ròkè díẹ̀, mítà méjì ni mo ṣì fi kéré sí tèmi àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ ti padà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì mi, bí mo bá jù ú mo fa igi kan, bọ́ọ̀lù gbígbóná náà ń jẹ igi, àwọn ará pápá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di akọ̀wé. Lánàá mo fa 45 tán, Kóòṣì ní kí n ju ẹyọ kan sí i, ẹyọ kan péré. Mo ti ń tú bàtà.